Orin Tí Ẹgbẹ́ Ìdàrọ́ Kò Lù Mọ́

Ní oṣù tí ọmọ mi Tìmílẹ́yìn pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, òun àti bàbá rẹ̀ ṣe àdéhùn kan lójú mi. Bí obìnrin tó ń bọ̀ láti Àbújá lọ́jọ́ Sátidé kò bá gba ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Tìmí yóò ta gìtá rẹ̀, yóò sì lọ gba iṣẹ́ ìjọba tí àbúrò bàbá rẹ̀ ti bá a wá sílẹ̀ ní Kàbbà. Àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́. Mo gbàdúrà pé kí obìnrin náà gbà wọ́n, nítorí mo mọ ọmọ tí mo bí. Bí ó bá jókòó nídìí tábìlì ọ́fíìsì fún oṣù mẹ́ta, yóò ṣàìsàn.

Ìdàrọ́ ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Ìdàrọ́ ni èérí tó máa ń ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá yọ́ irin. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n: Tìmí tó ń kọrin tó sì ń ta gìtá, Obed tó ń lu irin, àti Huda, ọmọbìnrin Ebira kan tó máa ń fi fóònù ká ohùn máṣìn sílẹ̀, tí yóò fi kọ̀ǹpútà gé e wẹ́wẹ́, tí yóò sì tò ó padà bí ẹni ń sin ìlẹ̀kẹ̀. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe orin náà, rọ́ọ̀kì ti ilé iṣẹ́. Mi ò mọ ibi tí àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ní tiwa, abẹ́ páànù wẹ́dà kan ní Ganaja ní Lọ́kọ́ja, níbi tí Obed ti ń jó irin pọ̀, ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí o kò bá gbọ́ ọ rí, rò ó pé jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta ń ké pọ̀, ẹnìkan ń fi máṣìn gé irin, ẹnìkan ń lu àgbá, ọkùnrin kan sì ń pariwo láàárín wọn bí ẹni tí ilẹ̀kùn há mọ́ níka. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, ariwo nìkan ni mo gbọ́. Ní ọdún kẹta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé gbogbo rẹ̀ máa ń balẹ̀ síbi kan náà, bí odó tí èèyàn mẹ́ta jọ ń gún tí ọmọ odó kò sì kan ara wọn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dá wọn mọ̀ láti òkèèrè.

Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ní Ìlọrin, èèyàn mọ́kànlá ló wá wò wọ́n, mẹ́ta nínú wọn ló sì kàn ń dúró kí òjò dá. Ní Jos, wọ́n gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n iná lọ kí wọ́n tó kọ orin kejì tán, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé lọ láti fi ṣe orin ni wọ́n sì fi tan iná fún àwọn tó gbà wọ́n lálejò. Ìyá Obed mú un lọ bá pásítọ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé ẹ̀mí kan ń lo ọmọ òun. Pásítọ̀ gbàdúrà, ó ní kò sí ẹ̀mí kankan níbẹ̀, pé ọmọ náà kàn fẹ́ràn ariwo ni.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣe orin kan tí wọ́n pè ní Oorun. Wọ́n gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí oṣù tó parí, àwọn èèyàn láti ìlú tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ti ń kọ̀wé sí wọn. Orin yẹn ni Salome gbọ́. Salome ni obìnrin Àbújá tí mo ń wí, òun ló ń yan àwọn tó máa kọrin níbi àjọ̀dún orin ńlá kan lóṣù Kejìlá. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí bí wọ́n ṣe ń lu Oorun níwájú èèyàn.

Ọwọ́ mi ni orin yẹn ti wá. Tìmí sunkún púpọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ohun kan ṣoṣo tó sì máa ń mú un sùn ni kí n máa fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú lẹ́yìn ní ọ̀nà kan: ẹ̀ẹ̀mejì díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta kíákíá, kí n dákẹ́, kí n tún bẹ̀rẹ̀. Pọ̀. Pọ̀. Pọ̀-pọ̀-pọ̀. Títí ó fi dàgbà ni ó ń rántí rẹ̀. Ohun tó gbé fún Obed pé kó fi irin lù nìyẹn, tí Huda fi gbogbo ariwo ayé yí ká.

Èmi náà kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Bámiṣayé, ọkọ mi, máa ń sùn díẹ̀ lọ́sàn-án lẹ́yìn oúnjẹ, bí oorun bá ti wọ̀ ọ́ lára, ìka rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin ibùsùn ní ọ̀nà kan náà. Mo rò pé ìlù ìlú wọn ni. Ọmọ Yàgbà ni, ọmọ Bùnú ni èmi, kò sì sí ohun tí ọmọ Bùnú kò lè gbà gbọ́ pé àwọn Yàgbà ń lù. Mi ò bi í. Nígbà tí mo bá ń fi lu ọmọ lẹ́yìn, ó máa ń wo ọwọ́ mi díẹ̀, á sì jáde kúrò nínú yàrá. Mo ní ẹkún ọmọ ló sú u.

Kí a tó fẹ́ra, ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní ọ̀nà Ajaokuta, ilé iṣẹ́ aládàáni tí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù. Ó ti kógbá wọlé tipẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé lórí ilẹ̀ rẹ̀ báyìí. Ibẹ̀ ni etí ọkọ mi ti bàjẹ́. Mo mọ̀ pé jàǹbá kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ àti pé ọkùnrin kan kú. Ohun tí mo mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí etí náà, kò lọ wo ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n Tìmí bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá ní Sátidé yìí. Ó tún lọ pe mẹ́rin nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ irin náà, ó ní orin òṣìṣẹ́ irin ni àwọn ń kọ, ó yẹ kí àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà gan-an jókòó níwájú. Inú mi dùn sí ọgbọ́n náà. Èmi ni mo fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ọkọ mi.

Gbọ̀ngàn kan tí wọ́n máa ń yá fún ìpàdé nítòsí Paparanda ni wọ́n lò. Mo ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà: Ìdàrọ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwọn èèyàn tó wá ju ọgọ́rùn-ún lọ, ọ̀dọ́ ni púpọ̀ wọn. Àwọn bàbá mẹ́rin náà jókòó níwájú pẹ̀lú wa. Àgbà inú wọn ni Mùtàlíbù, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Lọ́kọ́ja, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ẹsẹ̀ kan ń dùn ún, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó kí ọkọ mi tayọ̀tayọ̀. Ọkọ mi kí i bí ẹni tó fẹ́ kí ìkíni tètè parí.

Wọ́n lu orin mẹ́ta. Ọkọ mi gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wo ọmọ rẹ̀. Ó yí sí mi, ó ní òun ń gbọ́ ọ láti ẹsẹ̀, pé ilẹ̀ ló ń gbé e wá bá òun. Ó rẹ́rìn-ín. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Salome tó ń mi orí. Mo sọ fún ara mi pé Kàbbà ti bọ́ lórí ọmọ mi.

Lẹ́yìn náà ni Obed fi ṣéènì gbé àjákù irin reluwé kan kọ́ sára ọ̀pá. Ó ti wá irin náà fún oṣù kan, ó ní ohùn rẹ̀ ló dára jù. Ó gbé òòlù. Gbogbo ariwo yòókù dákẹ́, ó sì lù ú.

Gbàn. Gbàn. Gbàn-gbàn-gbàn.

Àga Mùtàlíbù ṣubú. Mo bojú wo ẹ̀gbẹ́ mi, ọkùnrin tó ń fi ọ̀pá rìn ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pá rẹ̀ wà nílẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù tẹ̀ lé e láìwo ẹ̀yìn. Ọkọ mi nìkan ni kò sá. Ó ti di ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́yìn wa mú lápá, ó ń tì í síta, ó tún di ẹlòmíràn mú. Ó ń ké ní ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí a ti fẹ́ra: "Ẹ jáde! Omi ti wọ̀ ọ́! Ẹ jáde!"

Àwọn ọmọ náà rò pé iná ni. Gbogbo gbọ̀ngàn dà sí ẹnu ọ̀nà. Obed kò tíì mọ̀, ó ṣì ń lu irin, bí ó sì ti ń lù ú ni ọkọ mi ń yára sí i. Ó gun orí pèpéle, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ó gbá ọmọ rẹ̀ mú ní ìbàdí pẹ̀lú gìtá lọ́rùn, ó gbé e sókè kúrò nílẹ̀, ó sì gbé e jáde. Èmi ṣì jókòó. Huda ló wá fà mí lọ́wọ́.

Ní ìta, oòrùn ṣì mú. A dúró sójú ọ̀nà, àwọn ọlọ́kadà dúró wò wá. Ọmọkùnrin kan ti fi ẹsẹ̀ rọ́, àwọn kan ń wá bàtà wọn. Ọkọ mi kò wo ẹnikẹ́ni, òrùlé gbọ̀ngàn ni ó ń wò. Ó wò ó títí. Òrùlé wà níbẹ̀, ẹyẹlé méjì bà lé e. Nígbà náà ni ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ tí mo lọ̀.

Salome jáde kẹ́yìn, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó rò pé ara eré ni. Ó sọ fún Tìmí pé òun ti gbà wọ́n, àti pé kí wọ́n kó àwọn bàbá náà wá sí Àbújá kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tí ọmọ mi ti fi ọdún mẹ́jọ wá nìyẹn. Ojú bàbá rẹ̀ ni ó ń wò.

Mùtàlíbù dé láti òdìkejì ọ̀nà, ó ń tiro. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ẹ ní nǹkan tẹ́ ẹ lù yẹn?"

"Ìyá mi ni, sà."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní mo rò pé ìlù àwọn Yàgbà ni. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dà bí ikọ́, kò lè dá a dúró.

Mùtàlíbù ló là mí lóye. Ní ilé iṣẹ́ náà, bí irin tó tutù bá bọ́ sínú èyí tó ti yọ́, omi ara rẹ̀ lè mú kí gbogbo iná bú gbàmù dé òrùlé. Nítorí náà, ẹnìkan máa ń dúró lókè láti máa ṣọ́ ọ. Ariwo ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn èèyàn kò lè dé ibì kankan, nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé irin reluwé kan kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹni náà. Ẹ̀ẹ̀mejì díẹ̀díẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè gbórí sókè, ẹ̀ẹ̀mẹta kíákíá kí wọ́n sọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀ kí wọ́n sá. "Ọkọ yín ló ń ṣọ́ ọ," ó ní. "Òun ló gba gbogbo wa là. Ṣé kò sọ fún yín ni? Nítorí kí ni mo ṣe ń gbé ẹran Iléyá wá fún yín lọ́dọọdún?"

Mo ti ń se ẹran náà láti gbogbo ọdún yìí wá. Mo rò pé ọ̀rẹ́ lásán ni.

Àtẹ́lẹwọ́ mi ń gbóná. Ìlù àsálà ni mo fi ń mú ọmọ mi sùn. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ fún un pé kó dìde kó sá, ó sì ń sùn.

"Mi ò gba gbogbo yín là," ni ọkọ mi wí láti ilẹ̀.

Mùtàlíbù ní kò sí ẹni tó lè gba Ọ̀ṣẹ́nì tó kú náà là, pé ọ̀nà rẹ̀ ló jìn jù.

"Mo lù ú ní Túsìdeè," ọkọ mi ní. "Ẹ rántí. Gbogbo yín sá jáde, kò sì sí nǹkan kan. Irin dì nínú iná, ọ̀gá ní bí mo bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ kí n má padà wá mọ́. Nígbà tó di Fúráìdeè, mo tún rí irin tutù. Mo ní kí n kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Mo mí lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni mo tó lù ú."

Mùtàlíbù wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé àlejò wá bá. Ó sì wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sọ pé òun dárí jì í, kò sì dìde.

Huda ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Salome. Obìnrin náà bo ẹnu. Lẹ́yìn náà, ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, orin náà tún lágbára ju bí òun ti rò lọ. Kí wọ́n fi ti àwọn bàbá sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n wá lù ú. Láìsí Oorun, kò sí àyè fún wọn. Ó fẹ́ gbọ́ èsì kí ọjọ́ Àìkú tó parí.

Tìmí bi bàbá rẹ̀ bóyá àwọn lè máa lù ú. Bàbá rẹ̀ ní orin náà kì í ṣe ti òun láti fi tọrẹ. "Ọ̀ṣẹ́nì ní ìyàwó," ó ní. "Òun ni kí a lọ bi."

A kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Àwa mẹ́ta la lọ sí Old Market, sí ilé Ìsíátù, opó Ọ̀ṣẹ́nì. Bọ́tìnì, òwú àti síìpù ni ó ń tà níwájú ilé. Ó tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó mọ ọkọ mi lójú, ó kí wa dáadáa, ó fún wa ní omi tútù, ó ní Àdìjátù ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Ọ̀yọ́. Ó rò pé a wá bá òun yọ̀ ni. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ọkọ mi kò jókòó. Ó sọ ọ́ ní ìdúró, gbogbo rẹ̀, láti Túsìdeè títí dé Fúráìdeè. Nígbà tó parí, Ìsíátù ṣì di bọ́tìnì kan mú láàárín ìka méjì.

"Wọ́n sọ fún mi pé kò tètè sá," ó ní. "Wọ́n ní gbogbo èèyàn sá, òun ń fà lẹ́sẹ̀. Mo bínú sí i. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń bínú sí òkú."

Ọkọ mi kò lè gbé orí sókè.

"Èémí mélòó lẹ ní?"

"Mẹ́ta, mà."

Ó gbé bọ́tìnì sílẹ̀. Ó pa ojú dé, ó mí sínú, ó mí síta. Ó tún ṣe é. Nígbà tó mí ẹ̀ẹ̀kẹta, mo gbọ́ kẹ̀kẹ́ mẹ́rin tó kọjá lójú ọ̀nà, mo gbọ́ obìnrin kan tó ná ẹja lédè Haúsá tó sì rà á. Mi ò mọ̀ pé èémí mẹ́ta pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Ó gùn," ni Ìsíátù wí.

Ó ní kí Tìmí jẹ́ kí òun gbọ́ orin náà. Ọmọ mi tẹ orin náà lórí fóònù. Ìsíátù gbé e sétí, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, máṣìn àti ariwo àti igbe, ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò fà á kúrò. Mo ń retí pé yóò sọ ọ́ mọ́lẹ̀.

"Ó dára," ó ní. "Ó dà bí ibẹ̀ gan-an. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un rí, bó ṣe máa ń dún nìyẹn." Ó dá fóònù padà. "Nígbà tẹ́ ẹ bá ń lù ú, kí làwọn èèyàn máa ń ṣe?"

Tìmí lè purọ́. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó rò ó. Mo mọ ohun tí òtítọ́ yẹn lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n máa ń jó, mà."

Ìsíátù mi orí fún ìgbà pípẹ́. "Ọkọ mi gbọ́ ọ, ó ń sá bọ̀," ó ní. "Ó ń sá bọ̀ nígbà yẹn. Ẹ máa ṣe iṣẹ́ yín, ọmọ mi, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má lu eléyìí fún ẹni tó ń jó mọ́."

"Mi ò ní lù ú mọ́, mà," ni Tìmí wí.

Níwájú ilé náà ni Tìmí ti pe Salome. Kò pẹ́. Ó sọ fún un pé kò sí Oorun mọ́, pé àwọn ní orin mìíràn tó dára. Ó tẹ́tí. Ó ní ó ṣeun, mà. Ó pe Obed, mo sì gbọ́ ohùn Obed láti inú fóònù bí mi ò tilẹ̀ sún mọ́ ọn: ọdún mẹ́jọ, Tìmí, ọdún mẹ́jọ. Ó pe Huda náà. Kí á tó rí kẹ̀kẹ́, Huda ti yọ orin náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ó ti kúrò.

Tìmí ní òun máa lọ sí Kàbbà lọ́jọ́ Ajé, pé òun á wá ẹni tó máa ra gìtá kí òun tó lọ. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀.

"Má tà á," bàbá rẹ̀ ní.

"Bàámi, a ti ṣe àdéhùn. Kò gbà wá."

"Ó gbà yín. Èmi ni mo gbé orin náà lọ síwájú ìyàwó Ọ̀ṣẹ́nì, tó fi yí padà." Ó gbá ọmọ rẹ̀ mú ní ìbàdí, ní ibi tó ti dì í mú lórí pèpéle. "Mo ní má tà á."

Kẹ̀kẹ́ kan dúró, àwa mẹ́ta wọ inú rẹ̀, mo wà láàárín wọn. Apá kan ara mi ń gbọ́ bí ọkọ mi ṣe ń mí, apá kejì ń gbọ́ ti ọmọ mi, mi ò sì lè dẹ́kun kíka èémí wọn títí a fi dé Ganaja.